Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀pá Ìwọ̀ Tuntun, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ẹ́ńjìnnì Yín

*Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ètò wa ni ẹ fẹ́ kà yìí. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì tàbí níbi iṣẹ́, tí ẹ ò lè fi nǹkan sétí.*

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé Newark ní New Jersey ni mo ń gbé, ẹ sì mọ̀ pé bí ooru bá ti mú báyìí, ojú omi lẹ ti máa rí mi lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú yín ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé, "Bọ̀dá, ọ̀pá ìwọ̀ wo ni kí n rà tí mo bá fẹ́ pa fluke?" Màá dáhùn lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Èmi fúnra mi ra ọ̀pá kí n tó tọ́jú ẹ́ńjìnnì, díẹ̀ ló sì kù kó ba ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan la jọ ń lo ọkọ̀ náà. Òun ló ni ín, àmọ́ a jọ ń dá owó ìtọ́jú rẹ̀ ni. Ọkọ̀ kékeré ni, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 17 lọ. Ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí rẹ̀, agbára ẹṣin 60 ni, àlòkù la sì rà á. Nínú oṣù Karùn-ún, kí ẹja tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ẹ̀gbọ́n pè mí.

"Àbúrò, mú ìdajì tìẹ wá ká lọ pààrọ̀ rọ́bà tó ń fa omi sínú ẹ́ńjìnnì yìí. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀. Ọwọ́ mi ò dẹ̀."

Irọ́ ni mo pa. Owó wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀pá ìwọ̀ kan ni mo ti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Mo rà á lọ́jọ́ kejì. Oṣù tó ń bọ̀ dé, ó kọjá, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rọ́bà mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje, àwa mẹ́ta gbéra ní Raritan Bay: èmi, ẹ̀gbọ́n, àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 11. A lọ sí tòsí Sandy Hook, níbi tí omi ti ń ṣàn jáde lọ sínú òkun Àtìláńtíìkì. Bí a ṣe ń pa fluke ni pé a ó pa ẹ́ńjìnnì, omi á máa gbé ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀ á máa wọ́ nísàlẹ̀. Bí a bá ti kọjá ibi tí ẹja wà, a ó tún tan ẹ́ńjìnnì, a ó padà sókè, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹja ń jẹ dáadáa lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a padà lẹ́ẹ̀kejì, mo bojú wẹ̀yìn. Omi tí ẹ́ńjìnnì máa ń tú jáde bí ìtọ̀ ọmọdé ti rọ, ó kàn ń kán tó, tó. Mo rí i. Mi ò sọ. Mo ní lọ́kàn mi pé ká tún gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré sí i.

Nígbà tí a tún tan án, áláàmù ké. Ẹ́ńjìnnì dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, nígbà tó yá, ó kú. Ẹ̀gbọ́n tún un tàn, ó jó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, áláàmù tún ké. Omi ń fà lọ sínú òkun, atẹ́gùn láti ìwọ̀ oòrùn sì ń tì wá síbi kan náà. Níwájú wa, ọkọ̀ òkun ńlá kan tó kó àpótí irin bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń wọlé bọ̀, ọ̀nà rẹ̀ ni omi sì ń gbé wa lọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè yà fún yín, kò sì lè dúró. Ọ̀pá tuntun ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n ju ìdákọ̀ró sómi. Kò mú ilẹ̀, ó ń wọ́. Ó tú okùn sí i, ó tún tú u sí i, kó tó mú. Ọmọ náà di ìgbànú ààbò rẹ̀ mú, ó wò mí, ó ní, "Ọ́ńkù, ṣé a máa délé?"

A délé. Àwọn kan tí wọ́n ń ti ibi ìpẹja tiwọn bọ̀ gbọ́ wa lórí rédíò, wọ́n fi okùn fà wá wálé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n tú ìdí ẹ́ńjìnnì, ó yọ rọ́bà náà jáde. Abẹ̀bẹ̀ rọ́bà mẹ́fà ló yẹ kó wà lára rẹ̀, mẹ́ta ti já. Kò bú mi. Ó kàn fi í sí mi lọ́wọ́. Orí tábìlì níbi tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ló wà báyìí.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí ò ju ìyẹn lọ: owó ẹ́ńjìnnì ló ṣáájú owó ọ̀pá. Ẹ jẹ́ ká wá tú u palẹ̀.

Kí ni fluke gan-an?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Ẹja pẹlẹbẹ ni, àwọn onímọ̀ ń pè é ní summer flounder. Nígbà tó ṣì kéré gan-an, ojú kọ̀ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ bíi ti ẹja yòókù. Bó ṣe ń dàgbà, ojú ọ̀tún á rìn lọ bá ti òsì, ojú méjèèjì á wá wà lókè. Ó máa ń dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn nísàlẹ̀ omi, á bu iyanrìn bora, á sì yí àwọ̀ ara rẹ̀ padà kó lè jọ ilẹ̀ tó wà. Ẹja kékeré tó bá kọjá lókè rẹ̀ ló máa fò mọ́.

Nígbà òtútù, ó máa ń lọ sínú omi jíjìn lójú òkun. Bí ilẹ̀ bá ti ń móoru, á padà wá sí etídò, sínú àwọn bay àti ẹnu odò, látorí Massachusetts títí lọ sí North Carolina. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo New Jersey àti New York máa ń sáré tẹ̀lé e. Ẹran rẹ̀ funfun, kò légungun púpọ̀. Ẹ bá mi dín in, kí ẹ fi ata díndín sí i, kí ẹ wá sọ fún mi.

Ẹ́ńjìnnì: ohun tó ń sọ fún yín

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ní rédíétọ̀ tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi ò ní. Omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ náà ló ń fà mu láti fi tu ara rẹ̀ lára. Rọ́bà kékeré tí mo sọ yẹn, tí wọ́n ń pè ní impeller, ló ń yí bí abẹ̀bẹ̀ nínú pọ́ǹpù, tó ń ti omi lọ sókè. Omi náà á kọjá lára irin tó gbóná, á sì tú jáde. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á gba ihò kékeré kan jáde lẹ́yìn kí ẹ lè rí i. Èmi ń pè é ní ìtọ̀ ẹ́ńjìnnì.

*Ìtọ̀ ẹ́ńjìnnì.* Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì, ẹ bojú wẹ̀yìn. Ó yẹ kó tú jáde pẹ̀lú agbára. Bó bá rọ, ẹ pa ẹ́ńjìnnì ná. Ẹ gbé e sókè, ẹ wò bóyá ọ̀rá tàbí ewéko ló dí ibi tó ti ń fa omi. Nígbà míì, iyanrìn tàbí kòkòrò ló kàn dí ihò kékeré yẹn, wáyà tín-ín-rín á sì là á. Bí kò bá jẹ́ ọ̀kan nínú ìyẹn, rọ́bà ni. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ máa ń sọ pé kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún kan sí mẹ́ta, ó sinmi lórí bí ẹ ṣe ń lò ó. Bí ẹyọ kan bá já lára rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wá èyí tó já náà rí, torí á ti lọ há sínú ọ̀nà omi lókè. Ẹ má sì tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ láé, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Omi ló ń jẹ́ kí rọ́bà yẹn máa yọ̀. Láìsí omi, kò ní pẹ́ tó fi máa jó.

*Iyọ̀.* Omi òkun tó bá gbẹ sínú ẹ́ńjìnnì á fi iyọ̀ sílẹ̀, iyọ̀ á dí ọ̀nà omi, á sì jẹ irin. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti òkun dé, ẹ fi omi ẹ̀rọ fọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní ló ní ẹnu tí ẹ lè so rọ́bà omi mọ́. Ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá títàn ni kó wà tàbí pípa, torí ti oníkálukú yàtọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Ẹ ó tún rí irin kékeré funfun kan tàbí méjì tí wọ́n so mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì, anode ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi síbẹ̀ kí iyọ̀ lè máa jẹ ẹ́ dípò ẹ́ńjìnnì. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà o. Bó bá ti jẹ tó ìdajì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

*Epo bẹntiróò.* Èyí tí wọ́n ń tà káàkiri Amẹ́ríkà ní ọtí ethanol nínú, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló sábà máa ń jẹ́. Ethanol máa ń fa omi mọ́ra. Bí epo bá pẹ́ nínú táńkì, omi á ya sọ́tọ̀, á lọ jókòó sísàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo mu. Torí náà, epo tí ẹ ò ní lò láìpẹ́, ẹ da oògùn tó ń jẹ́ kí epo pẹ́ sí i. Ẹ so fílítà tó ń ya omi kúrò lára epo mọ́ ọ̀nà epo yín. Bí ẹ bá rí pọ́ǹpù tí wọ́n kọ E15 sí lára, ẹ kọjá. Ìjọba Amẹ́ríkà ò fọwọ́ sí i fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.

*Ọ́ìlì.* Ọ́ìlì méjì ló wà lára ẹ́ńjìnnì tiwa. Ti òkè jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún tàbí bó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 100. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ti jíà, òun gan-an ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ tú u lọ́dọọdún, kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bó bá funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọlé. Ẹ má lọ sójú omi títí wọ́n á fi rí ibi tó gbà wọlé. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ títí òtútù fi dé, omi yẹn á di yìnyín, yìnyín á sì la irin.

Báwo lomi ṣe ń wọ ibẹ̀? Ibí ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti ọ̀rọ̀ ìwọ̀ ti pàdé. Okùn ìwọ̀ tó bá já sómi máa ń lọ wé mọ́ ìdí abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ. Okùn òde òní, èyí tí wọ́n hun, mú bí abẹ. Á máa yí, á sì máa gé rọ́bà tó ń dí ojú omi níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀melòó kan láàárín ìgbà ìpẹja, ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ náà kúrò, kí ẹ wo ìdí rẹ̀, kí ẹ gé okùn tó bá wé mọ́ ọn, kí ẹ fi gírísì sí i, kí ẹ dá a padà. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú tàbí Badagry, ẹ ti rí bí awakọ̀ ṣe ń dúró láàárín ọ̀sà tó ń já ọ̀rá pure water kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì. Ohun kan náà ni.

*Bátìrì.* Ẹ nu orí rẹ̀, ẹ mú wáyà rẹ̀ le dáadáa. Ọ̀pọ̀ "ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́" tí mo ti gbọ́, wáyà bátìrì tó dẹ̀ ni.

Bó bá kú lójú omi

Ohun àkọ́kọ́ ni ìdákọ̀ró. Kí ẹ tó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ná, torí pé gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi ń ronú ni omi fi ń gbé yín lọ. Okùn ìdákọ̀ró gbọ́dọ̀ gùn. Kí ìdákọ̀ró tó lè mú ilẹ̀ dáadáa, ó yẹ kí okùn tí ẹ tú sómi tó ìlọ́po márùn-ún sí méje bí omi ṣe jìn tó. Ìdí tí tiwa fi kọ́kọ́ ń wọ́ nìyẹn, a ò tú u tó.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni rédíò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan. Mo mọ̀ pé fóònù lẹ fẹ́ràn, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ, ẹni kan ṣoṣo tí ẹ bá pè ló sì máa gbọ́ yín. Lórí rédíò VHF, ojú ìlà 16, gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí ló máa gbọ́, Coast Guard náà á gbọ́. Kí gbogbo èèyàn wọ ìgbànú ààbò. Okùn pupa kékeré tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá ṣubú ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2021, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26 pé kí awakọ̀ so ó mọ́ ara bí ọkọ̀ bá ń sáré. Ẹ so ó mọ́ra.

Ọ̀pá ìwọ̀: ibi tí ẹ ti ń dúró dè mí

Ó dáa. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Omi tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó ra ọ̀pá.

Bí ẹ bá mú ọ̀pá èyíkéyìí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ara rẹ̀ lókè ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ bíi: 7'0", Medium, Fast, 10–20 lb, ½–2 oz. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ka èyí rárá, àwọ̀ ọ̀pá ni wọ́n ń wò. Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀.

*Gígùn.* 7'0" túmọ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà méje. Fún fluke látinú ọkọ̀ kékeré, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀ sí méje dára. Bó bá gùn jù, á máa kọ́ ara wọn nínú ọkọ̀. Bó bá sì jẹ́ etí òkun lẹ ti ń jù ú, ẹ nílò èyí tó gùn ju ìyẹn lọ.

*Agbára.* Medium ń sọ bí ọ̀pá náà ṣe le tó. Light rọ̀, Heavy le. Nínú bay tí omi ò jìn, Medium-Light tàbí Medium ló bá a mu. Bó bá jẹ́ òkun gangan, níbi tí omi ti jìn tí òjé sì wúwo, Medium-Heavy.

*Bó ṣe ń tẹ̀.* Fast túmọ̀ sí pé orí rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀, ìdí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Èyí tí wọ́n kọ Moderate sí máa ń tẹ̀ títí dé àárín.

*Ìwọ̀n.* 10–20 lb ni agbára okùn tó bá a mu. ½–2 oz ni ìwọ̀n ohun tí ẹ máa so mọ́ ọn. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Òun ni èmi ò kà.

Ọ̀pá olówó gọbọi tí mo torí rẹ̀ parọ́ fún ẹ̀gbọ́n, 3–8 oz ni wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀pá ẹja ńlá lójú òkun ni. Òjé ọ́ńsì kan ni mo so mọ́ ọn nínú Raritan Bay. Mi ò gbọ́ nǹkan kan lọ́wọ́. Bí ẹja jẹ, mi ò mọ̀. Bí ìwọ̀ kan iyanrìn, mi ò mọ̀. Ọmọ ọdún 11 yẹn, pẹ̀lú ọ̀pá tí kò tó 60 dọ́là, ń fa ẹja sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bi mí pé, "Ọ́ńkù, ṣé kí n bá yín wò ó?"

Ìdí ni pé fluke ò fi agbára jẹ. Nígbà míì, á kàn dà bíi pé ìwọ̀ yín wúwo díẹ̀, bí ẹni tó kọ́ aṣọ tútù. Ọ̀pá ló máa gbé ìròyìn yẹn wá sí ọwọ́ yín. Bó bá le ju ohun tí ẹ so mọ́ ọn lọ, ìròyìn ò ní dé.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà pa á látinú ọkọ̀, ọ̀pá tó yẹ wọ́n sì yàtọ̀.

Àkọ́kọ́ ni bucktail: ìwọ̀ tó ní òjé lórí, tí wọ́n so irun mọ́ lára. Ẹ ó fi ìdẹ rírọ̀ tàbí ègé squid kọ́ ọn, ẹ ó jẹ́ kó kan ilẹ̀, ẹ ó wá máa jó o lókè-nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọrùn ọwọ́, jẹ́jẹ́. Ọ̀pá Fast tí wọ́n fi carbon ṣe ló yẹ iṣẹ́ yìí, nítorí ó fúyẹ́, ó sì ń gbọ́ràn. Ẹ ó máa jó o fún wákàtí mẹ́rin, márùn-ún. Ọ̀pá tó bá wúwo, ọwọ́ yín á sọ fún yín lálẹ́. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára pé ó jẹ, ẹ fà á lójú ẹsẹ̀.

Ìkejì ni ìdẹ lásán: òjé nísàlẹ̀, okùn tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ègé squid tàbí ẹja kékeré lẹ́nu ìwọ̀. Èyí, ẹ lè fi ọ̀pá rẹ̀ sínú ihò ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọ̀pá tó ń tẹ̀ dáadáa, Moderate, tàbí èyí tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ fiberglass, ló dára níbí, nítorí pé ẹja á gbé ìdẹ mì kó tó mọ̀ pé nǹkan kan ń fa òun. Ẹ má kánjú fà á. Ẹ jẹ́ kí orí ọ̀pá kọ́kọ́ tẹ̀ dáadáa.

Ní ti okùn, braid 10 sí 15 lb tó fún bay. Kì í nà, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé ìròyìn yára. Ẹ so fluorocarbon 20 sí 30 lb bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta mọ́ iwájú rẹ̀, torí fluke léyín. Ní ti òjé, ẹ lo èyí tó fúyẹ́ jù tó ṣì lè máa kan ilẹ̀. Bí kò bá kan ilẹ̀, ẹ ò pẹja, ẹ̀ ń ṣeré.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ọ̀pá wò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ so reel tí ẹ máa lò mọ́ ọn, kí ẹ dì í mú bí ẹ ṣe máa dì í lójú omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí orí rẹ̀ bá ń fà yín wálẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ fi òwú díẹ̀ nu inú òrùka kọ̀ọ̀kan tí okùn ń gbà kọjá. Bí òwú bá há, ó ti sán, á sì máa gé okùn yín. Èyí tó dára tó láti fi bẹ̀rẹ̀ wà tí kò tó 100 dọ́là. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ fi omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ fọ ọ̀pá àti reel. Kì í ṣe omi alágbára o, ìyẹn á ti iyọ̀ wọ inú reel ni.

Ọ̀rọ̀ òfin, kíákíá: ní New Jersey àti New York, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó pẹja nínú omi iyọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè ṣe é lórí fóònù. Bí ẹja ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, iye tí ẹ lè kó lọ lójúmọ́ àti oṣù tí wọ́n fàyè gbà máa ń yí padà, nítorí náà ẹ wo ìkànnì ìjọba ìpínlẹ̀ yín lọ́dọọdún. Ẹ gbé rúlà dání. Èyí tí kò bá gùn tó, ẹ rọra dá a padà sómi.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí

Mo ní àkọsílẹ̀ kan lórí fóònù mi. Ọjọ́ tí a pààrọ̀ rọ́bà, ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì méjèèjì, fọ́tò àwọ̀ ọ́ìlì jíà, fọ́tò anode, iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe. Mo fi áláàmù sí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin lọ́dọọdún: "Fi owó ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n." Kí n tó ra ìwọ̀ kan ṣoṣo, owó yẹn á ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Mo ta ọ̀pá ńlá yẹn. Mo fi díẹ̀ nínú owó rẹ̀ ra Medium-Light kan, mo fi ìyókù ra okùn ìdákọ̀ró tó gùn. Nígbà tí mo lọ fún ẹ̀gbọ́n ní okùn náà, mo jẹ́wọ́ fún un pé owó wà lọ́wọ́ mi nínú oṣù Karùn-ún. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rí ọ̀pá náà lọ́wọ́ ẹ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá ò ní ká a mọ́. Nígbà tí ìtọ̀ ẹ́ńjìnnì rọ tí mo rí i, ìrókò yẹn ṣì kéré. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gé e.

Torí náà, bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, tí ẹ rí nǹkan tí kò yé yín, ẹ sọ. Kódà bó jẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì, kódà bí ẹja bá ń jẹ.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá yín, màá bá yín kà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ní kí n kí yín. Ó ti pé ọdún 12, òun ló sì ń wo ìtọ̀ ẹ́ńjìnnì fún wa báyìí. Bí a bá ti tan án, á kígbe látẹ̀yìn pé, "Ó ń tọ̀ o!" Ìgbà náà la tó ń lọ.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa ṣọ́ra lójú omi.